Ìwé Báàjì Ìyá Ọkọ

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Wùmí nígbà tí ọkùnrin kan gbé báàjì bí ogún kọ́rùn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Humble, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Houston. Ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé ni. Gbogbo ìjọ wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, bí ìlànà wọn. Ọkùnrin yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà pupa lẹ́sẹ̀. Ó fi okùn kọ́rùn, báàjì irin kéékèèké sì kún ara okùn náà: ti ọmọlangidi, ti ẹja, ti ilé olórùlé ṣóńṣó. Wùmí ni wọ́n ní kó máa gba àlejò lọ́jọ́ náà.

"Ẹ bọ́ bàtà yín, sà," ó wí fún un.

"Ṣé kí n bọ́ eléyìí náà?" Ọkùnrin náà fọwọ́ kan okùn ọrùn rẹ̀.

"Bàtà nìkan ni Ọlọ́run bá Mósè sọ. Ti okùn yẹn, ẹ̀yin àti àwọn ọmọdé lẹ jọ máa yanjú ẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kí ìsìn tó parí, ọmọdé mẹ́jọ ti yí i ká, Wùmí fúnra rẹ̀ sì ti wo ibi tó jókòó sí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó kà á. Obìnrin tí ọkọ bá pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń ka nǹkan.

Kì í ṣe èèṣì ló gbé ọkùnrin náà débẹ̀. Fúnmi, ọ̀rẹ́ Wùmí, ló pè é. Adétòkunbọ̀ Adélékè lorúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Fúnmi ni, ẹnjiníà ní ilé tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ní Baytown, kò níyàwó, kò lọ́mọ. Fúnmi gbà pé iṣẹ́ alárenà lòun wá ṣe láyé, ta ló sì lè dá a dúró.

Ní ilé oúnjẹ kan ní Westchase, nítòsí fúláàtì tí Wùmí ń gbé, ni Tòkunbọ̀ ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ báàjì fún un. Láti ọdún tí bàbá rẹ̀ ti parí ẹ̀kọ́ tó sì ríṣẹ́ ni gbogbo ilé wọn ti ń lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá ní Florida lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta báàjì wọ̀nyí, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn. Wàá fi tìrẹ kọ́rùn, ẹlòmíràn á wò ó, á nawọ́ sí èyí tó wù ú láìfọwọ́ kàn án, ìwọ náà á nawọ́ sí tirẹ̀. Nínú ilé Adélékè, oníkálukú ló ní ìwé ńlá kan tí ojú ewé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, tó ń gún báàjì rẹ̀ mọ́. Òfin kan ṣoṣo ló sì wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìwé ẹlòmíràn láìgba àṣẹ.

"Kódà Daddy ò lè ṣí ti Mummy," Tòkunbọ̀ wí. "Dead serious. Uncle mi kan jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ ha báàjì Daddy lára ní 2008. Till today, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀."

Wùmí rò pé àwàdà ni. Tòkunbọ̀ yọ báàjì kan tó ní àwòrán ife tíì lára okùn rẹ̀, ó fi í sí i lọ́wọ́.

"Kí ni kí n fún ẹ dípò ẹ̀?" Wùmí bi í.

"Nọ́ńbà fóònù ẹ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin yìí tó ń ka egbòogi fún aláìsàn látàárọ̀ dalẹ́ láìṣì í kà gbàgbé iye ìgbà tó yẹ fóònù rẹ̀ wò. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì sí oògùn rẹ̀ lórí pẹpẹ ilé ìtajà oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni Tòkunbọ̀ mú un délé. Bàbá rẹ̀, Daddy Adélékè, arúgbó ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí Wùmí jókòó tì í fún wákàtí méjì tí òun fi ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi awò tó ń mú nǹkan tóbi dá ojúlówó báàjì mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Etí ojúlówó máa ń jọ̀lọ̀. Àwòrán kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń dé etí pátápátá. Ti ayédèrú máa ń ní bèbè, ọ̀dà ojú rẹ̀ á sì rì sínú.

Ti Mummy Adélékè kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wo Wùmí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wo tòmátì tó ti rọ̀.

"Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun lẹ ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyá ẹ sì ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti lé lógún ọdún."

"Iṣẹ́ tó dáa ni. Ó gba ọwọ́ tó mọ́."

Nígbà tí Wùmí sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, Màmá kò bínú. "Òótọ́ ló sọ," ó wí. "Ogún ọdún ni mo ti ń wọ ilé onílé ní Houston yìí, wúrà wọn wà lórí tábìlì, ṣíbí kan ò sọnù rí. Ohun tí mo ní nìyẹn. Òun náà ni màá fi sílẹ̀ fún ẹ."

Fún oṣù mẹ́jọ, Mummy Adélékè kò gbà. Fúnmi ń lọ, Fúnmi ń bọ̀. Lónìí wọ́n á ní Wùmí ti dàgbà jù, lọ́la wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ìjọ ni. Tòkunbọ̀ ń sọ pé kó fara balẹ̀, Wùmí sì ń fara balẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, bí ẹni pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan, ìyá náà rọ̀. Ó gba ìpàdé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó tún gbé ìwé báàjì rẹ̀ méjì tó pẹ́ jù lọ lé Wùmí lọ́wọ́, pẹ̀lú ojú ewé tuntun tó fẹ́ kó bá òun to wọ́n sí.

"Daddy fẹ́ kó wọn lọ sí àpéjọ àwọn olùkó-báàjì ní Florida lóṣù tó ń bọ̀," ó wí. "Bó o bá máa jẹ́ ìyàwó wa, wàá mọ nǹkan wa. Mú wọn lọ sílé, má kánjú."

Wùmí kúnlẹ̀ gbà á. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó de ìgbànú mọ́ ìwé méjèèjì nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó ń tò wọ́n ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣí. Báàjì kan ní bèbè lẹ́yìn. Ó mú awò tí Daddy fún un, ó wo èkejì, ó wo ẹ̀kẹta. Nígbà tí yóò fi wò wọ́n tán, méjìlélógójì ló jẹ́ ayédèrú, àwọn tó ti pẹ́ jù lọ, àwọn tí Mummy máa ń sọ ìtàn wọn. Ó pe Tòkunbọ̀. Tòkunbọ̀ dé, ó wo tábìlì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni," ó wí.

"Ìwọ ni kí ni?"

"I was in college. Bọ̀bọ́ kan ní Mustang pupa kan, àtijọ́ ni, ó dẹ̀ ń kó báàjì jọ. Mo kó ojúlówó fún un, ó fún mi ní ọkọ̀. Mo sọ fún Daddy pé ọ̀rẹ́ mi ló yá mi. Mo ra ayédèrú lórí ayélujára, mo fi dí ojú ihò. Oṣù mẹ́ta péré, mo ti fọ́ ọkọ̀ yẹn lórí freeway."

Wùmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà kò jọ ti ẹni tí wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín. Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò jẹ́wọ́ látìgbà yẹn?"

"Ṣé o mọ Daddy mi? Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mummy ò mọ̀ ọ́n dá yàtọ̀. Kàn tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà."

Àánú rẹ̀ ṣe Wùmí, ìfẹ́ rẹ̀ sì wá pọ̀ sí i, nítorí ó rò pé ẹni tó bá sunkún níwájú ẹni ti fi ara rẹ̀ fún ẹni nìyẹn. Ó to gbogbo rẹ̀ padà, ojúlówó pẹ̀lú ayédèrú, dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé tó gbé wọn padà lọ, Mummy kò jẹ́ kó jókòó tán. Níwájú Daddy àti Tòkunbọ̀, ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, ó yọ báàjì kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà.

"Daddy, ẹ bá mi wo eléyìí."

Daddy mú awò. Ó wo ọ̀kan, ó wo mẹ́wàá. Ó gbé awò náà sílẹ̀.

"Ta ló ṣí ìwé yìí?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti ní in, èmi nìkan ni," Mummy dáhùn. "Àfi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wà ní Westchase."

Gbogbo ojú kọ sí Wùmí. Wùmí kọ ojú sí Tòkunbọ̀. Tòkunbọ̀ wo bàtà ara rẹ̀, bàtà pupa kan náà, ó wò ó bí ẹni pé nǹkan wà lórí rẹ̀ tó yẹ kó kà.

"Mi ò mú nǹkan kan, sà," Wùmí wí.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún un," Daddy wí, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Bó bá jẹ́wọ́, a jẹ́ pé ọ̀dọ́ ni, a máa forí jì í. Bí kò bá jẹ́wọ́, kò sí ìgbéyàwó."

Fúnmi tún bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò rẹ̀. Tòkunbọ̀ náà wá sí Westchase lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kẹta ló kúnlẹ̀.

"Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún Daddy lọ́dún tó kọjá. Bó bá gbọ́ pé èmi ni, Wùmí, he'll never look at me again. Ìwọ, àlejò ni ẹ́, wọ́n á forí jì ẹ́. Èmi, ọmọ ni mí. Wọn ò ní forí jì mí láé."

"Kí n sọ pé olè ni mí?"

"For one day. Ọjọ́ kan péré. Lẹ́yìn náà, a máa ṣègbéyàwó, nobody will ever talk about it."

"Ìyá mi máa wà níbẹ̀."

"Wàá ṣàlàyé fún wọn tó bá yá. Ṣé o nífẹ̀ẹ́ mi?"

Ìbéèrè burúkú ni. Wùmí gbé e sùn, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́. Bí ó bá kọ̀, òótọ́ ni yóò kù sí i lọ́wọ́, òótọ́ kì í sì í báni jẹun alẹ́. Ó rántí àwọn ọdún tó ti fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ọmọ wọn nígbà ìsọmọlórúkọ. Ó rántí pé Màmá ti ra aṣọ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tó sì ń ṣí àpótí lójoojúmọ́ láti fọwọ́ kàn án. Ó dá ara rẹ̀ lójú pé ẹni tó nífẹ̀ẹ́ lè gba ẹ̀gbin fún ọjọ́ kan. Àánú ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ ń ṣe mí.

Ọjọ́ pé. Nínú pálọ̀ àwọn Adélékè, Wùmí kúnlẹ̀ láàárín. Màmá jókòó lápá òsì, aṣọ tuntun náà ló wọ̀, nítorí ó gbà pé wọ́n á wẹ ọmọ òun mọ́ lọ́jọ́ náà. Kó tó jókòó, ó ti sọ fún Daddy Adélékè pé, "Sà, ẹ bi í bó bá ṣe wù yín. Èmi ni mo tọ́ ọmọ yìí."

Daddy bi í. Wùmí gbé ojú sókè, ojú Màmá ló kọ́kọ́ bá pàdé.

"Èmi ni, sà," ó wí. "Èmi ni mo pààrọ̀ wọn. Ẹ forí jì mí."

Màmá wo ọmọ rẹ̀ pẹ́, ó sì rọra fà á mọ́ra, ó ní, "Wùmí, tún un sọ. Wo ojú mi, kó o tún un sọ."

Wùmí wo ojú rẹ̀, ó tún un sọ.

Màmá dìde. Ó kí Daddy, ó kí Mummy, ó ní kí wọ́n má bínú, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀. Tòkunbọ̀ ti jáde lọ síbi gáréèjì. Daddy ní òun ti gbọ́, òun sì ti forí jì í. Ìgbà náà ni Mummy Adélékè fa Wùmí dìde, ó mú un wọ kíṣìnì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Jókòó. Orúnkún ẹ á ti máa dùn ẹ́." Ó bu omi fún un. "Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́."

Wùmí gbé ife náà sílẹ̀.

"Ìyá wo ni ò ní mọ̀ bí nǹkan ẹ̀ bá sọnù? Ọjọ́ tí mo rí ọkọ̀ pupa yẹn ni mo lọ ṣí ìwé mi. Mo pa á dé, mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n Daddy ní dandan, àwọn gbọ́dọ̀ kó báàjì yẹn lọ sí Florida. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ olè kó tó di ọjọ́ yẹn."

"Ẹ wá fi mí ṣe é, mà?"

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Bó bá dọjọ́ kan, tí o bá bímọ, wàá mọ̀." Ó fọwọ́ nu ojú Wùmí. "Gbọ́, mi ò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé wàá pariwo, wàá tú u síta. O ò tú u síta. Ẹni tó bá lè ru irú ẹrù yìí fún ọmọ mi, ìyàwó ni. Ìyàwó mi ni ẹ́ látòní lọ."

Inú Wùmí dùn. Kò yẹ kó dùn, àmọ́ ó dùn. Ó sáré gba ẹ̀yìn jáde lọ bá Tòkunbọ̀ ní gáréèjì, ó dì mọ́ ọn.

"Ó ti parí. Mummy mọ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ìwọ ni, wọn ò dẹ̀ bínú. O ò ní láti máa sá mọ́."

Ọwọ́ Tòkunbọ̀ já bọ́ lára rẹ̀. "What do you mean, wọ́n mọ̀?"

"Láti ìgbà ọkọ̀ pupa yẹn."

"All these years, wọ́n kàn ń wò mí?" Ó ń fi èékánná ha ọ̀dà ara ògiri. "Máa lọ. Màmá ẹ ń dúró. Màá pè ẹ́."

Kò pè. Ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wùmí kọ àtẹ̀jíṣẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó wakọ̀ lọ sí Baytown, ó dúró ní ibùdókọ̀ ilé ìfọpo náà títí àwọn òṣìṣẹ́ fi jáde. Tòkunbọ̀ rí i, ó sì wò yíká kó tó sún mọ́ ọn.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?" Wùmí bi í.

"O ò ṣe nǹkan kan. Jọ̀ọ́, máa lọ sílé."

"Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo pe ara mi ní olè nítorí ẹ."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wò ẹ́, ohun tí màá máa rí nìyẹn. Mummy nìkan ti tó mi. I can't come home to two of you."

"O ò nífẹ̀ẹ́ mi mọ́?"

Ó ronú sí i. Òun ni ohun tó dun Wùmí jù, pé ó fara balẹ̀ ronú sí i.

"Mo fẹ́ ẹni tí ò mọ̀ mí," ó wí.

"Ó dáa. Nígbà náà, sọ fún Daddy pé kì í ṣe èmi."

"Wọ́n ti forí jì ẹ́ now. Kí ni kí n tún máa tú síta?" Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó yí gíláàsì rẹ̀ sókè, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Fúnmi wá sílé Màmá ní Humble. Ohun tí alárenà bá so, òun náà ni wọ́n máa ń ní kó wá tú. Wùmí wà níbẹ̀. Fúnmi kò wo ojú rẹ̀. Màmá ló kọjú sí, ó kúnlẹ̀.

"Wọ́n ní kí n bẹ̀ yín, mà. Wọ́n ní Daddy forí jì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn ní òun ò lè fẹ́ ẹni tó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun jalè. Ẹ má bínú, mà."

"Mo ti gbọ́," Màmá wí. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Kò sọ fún Fúnmi pé dókítà kan, ọ̀rẹ́ àwọn Adélékè, tí òun ti ń tọ́jú ìyá rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, ti pe òun láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì pé kí òun má wá mọ́. Dókítà náà kò sọ ìdí. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀.

Nígbà tí Fúnmi lọ tán, Wùmí kúnlẹ̀ síbi tí Fúnmi kúnlẹ̀ sí. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ọkọ̀ pupa, omijé Tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ inú kíṣìnì, ti Baytown. Màmá ń ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí itan, ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ṣé ìwọ lo mú un?"

"Rárá, Mà. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi."

"Lórí ìkúnlẹ̀ báyìí náà lo wà níjọ́sí. Mo ní kó o wo ojú mi, o wò ó. O ní ìwọ ni."

"Irọ́ ni mo pa níjọ́ yẹn, Mà."

"Òní ńkọ́?"

Wùmí la ẹnu, ó wá ọ̀rọ̀ tí kò tíì lò rí, kò rí i. Màmá dìde, ó kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ síbi tábìlì tí báàgì owó rẹ̀ ti máa ń wà ní gbangba láti ọdún pípẹ́ wá, ó gbé e, ó sì gbé e wọ yàrá lọ.